Ìdí Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Ń Yíjú Padà Láàárín Títì

Nígbà láéláé, kí ọ̀nà oko tó di ọ̀nà ọkọ̀, gbọnrangandan ni Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń sọdá. Ó bẹ́ lápá ọ̀tún, ó bọ́ sápá òsì, ó parí.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kí bíi tirẹ̀ ní gbogbo oko náà. Bí o bá kí i láti ẹ̀yìn, yóò dúró, yóò yíjú sí ọ, yóò dáhùn, yóò tún béèrè ilé béèrè ọmọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá kọ̀yìn sí ẹni tó ń kí i, wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, katapílà dé, ó fẹ ọ̀nà náà lójú, ọkọ̀ akẹ́rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbabẹ̀ kó ẹ̀gẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ kọjá ké pé, "Póò! Póò!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kí wa!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ kú oko ló ń wí un. Àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ọ̀yà yọjú láti inú koríko. "Ìkíni kọ́ nìyẹn, ìyá Àwẹ̀ró. Ó ń lé yín kúrò lọ́nà ni."

"Ìwọ tí o kì í kí ará ilé ẹ láàárọ̀! Kí lo mọ̀ nípa ìkíni?"

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Ẹtu ní tirẹ̀ gba Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó dé àárín títì, ọkọ̀ ké, Ẹtu yíjú, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láti dáhùn. Kò dìde mọ́.

Gbogbo ará oko sunkún. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè jẹun, nítorí òun ló kọ́ ọ. Ó sáré lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, bí nǹkan yẹn bá kí ọ, má dáhùn o! Ńṣe ni kí o sáré."

"Màmá, tó bá jẹ́ àgbà ló wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ àgbà... dáhùn. Ṣùgbọ́n kí o yára."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró ń sọdá lọ ṣa ẹyìn. Ó ku díẹ̀ kó dé òdìkejì. "Póò!" Ó yíjú padà.

"Sáré!" ni ìyá rẹ̀ ké létí ọ̀nà.

Ó sáré síwájú. "Póò! Póò!" Ó tún yíjú. Àbí àgbà ni? Táyà ti dé. Ìyá rẹ̀ dijú.

Nígbà tó lajú, eruku bo ibi gbogbo. Àwẹ̀ró yọ láti inú eruku náà, ìrù rẹ̀ nà ró gangan.

"Màmá, mo dáhùn," ló wí, "ṣùgbọ́n wọn ò dúró gbọ́."

Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. "Má dá wọn lóhùn mọ́, ọmọ mi." Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ti wọ̀ ọ́ lára.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ti í lè sọdá títì láìyíjú padà. Ẹsẹ̀ kan ń sá lọ, ẹsẹ̀ kan fẹ́ dúró dáhùn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í rí i yọ bíi ti Àwẹ̀ró. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tí ẹ rí ọ̀kẹ́rẹ́ láàárín ọ̀nà oko, ẹ bẹ dírẹ́bà kó má fọn fèrè. Búrẹ́ẹ̀kì ni kó tẹ̀. Ẹ máa sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló dúró níwájú yín yẹn, ó ń dáhùn ni.