Eérú Ẹnu Ọ̀nà Akátá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mojírádé, kọ́kọ́ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo rí i bí o ṣe ń tẹ "mo gbà, mo gbà" nítorí géèmù ọ̀fẹ́. Àlọ́ mi gbéra wéré, ó fẹsẹ̀ tẹ eérú fùù lẹ́nu ọ̀nà Akátá.

Akátá ló kó àgbàdo tútù jọ síwájú ilé rẹ̀. Akátá kì í sì í jẹ àgbàdo, ẹran ni tirẹ̀! Ó ń ké tantan pé, "Ọ̀fẹ́ ni o! Ẹ wọlé, ẹ jẹ àjẹyó!" Ṣùgbọ́n ó ti da eérú tó kúnná lẹ́búlẹ́bú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn níbẹ̀ kedere. Bó bá jáde, eérú á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ilé rẹ̀.

"Kí ni eérú fẹ́ fini ṣe?" ni àwọn ẹranko ń wí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yó.

Lọ́jọ́ kan tí Akátá kò sí nílé, Ọ̀yà kó ọmọ rẹ̀ mẹ́rin lọ jẹun níbẹ̀. Nígbà tí òun nìkan tún padà lọ, Akátá rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyá Ọ̀yà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́? Èyí tó ń tiro yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san?"

Àyà Ọ̀yà já pà! Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ òun ń tiro. Ó jáde, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Kò pẹ́ ni Ẹkùn dé. Ni Akátá bá ń ka ẹsẹ̀ inú eérú fún un, ó ń kọrin:

Ọ̀yà wọlé, ó jẹ, ó yó,
*Ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀!*
Ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan ń tiro,
*Ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀!*
Ẹ tọ eérú lọ, ẹ ó bá wọn nílé,
*Ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀!*

Ẹ gbè é dáadáa, àbí oorun ń kùn yín ni?

Ẹkùn ní, "Bí oòrùn bá yọ lọ́la, n ó lọ kó wọn. Itan kan á jẹ́ tìrẹ."

Ọ̀yà sáré, ó di ọ̀dọ̀ Erin. "Bàbá, ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ pa àwọn ọmọ mi jẹ!"

Erin ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ gun ẹ̀yìn mi. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni wọn ó rí."

Ó gbé wọn, gbì, gbì, gbì, ó kọjá odò, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sílé tuntun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹkùn tọ eérú títí dé ilé Ọ̀yà. Ilé ṣófo! Ẹsẹ̀ Erin ló wà nílẹ̀, ta ló sì fẹ́ lọ bá Erin jà? Ẹkùn fi ìbínú padà sọ́dọ̀ Akátá, ó ní ó tan òun jẹ. Akátá ti gbúròó rẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n eérú wà lẹ́sẹ̀ òun náà!

Akátá sá, ó wọgbó lọ,
*Ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀!*

Ẹkùn lé e jìnnà, Akátá kò sì padà wálé mọ́. Àwọn ẹranko gbá eérú náà dànù, wọ́n pín àgbàdo jẹ. Inú Ọ̀yà dùn ju tẹni gbogbo lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

Ibi tí àlọ́ mi fẹ̀yìn tì nìyẹn. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ẹ̀yin tí ẹ gbè é bá mi yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, Mojírádé. Gbogbo fóònù tó bá wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́ńbà àdírẹ́sì, ibi tó bá sì dé, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀. Bí o bá sì tẹ "mo gbà", àwọn kan níbẹ̀ á tún lẹ àmì kékeré mọ́ fóònù rẹ bí eérú, kí wọ́n lè mọ gbogbo ibi tí o gbà kọjá. Ẹni tó bá ń fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, kí o tó wọlé rẹ̀.