Ọmọ Tí Wọ́n Kì Nídìí Páànù Ẹyin

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tó fẹ́ obìnrin tó ti bí ọmọbìnrin kan kó tó wọlé rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bọ́ ọmọ náà, ó rán an níléèwé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì fún un. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá béèrè pé ta nìyí, èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ọmọ ìyàwó mi ni." Ọmọ náà a gbọ́, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọláìtán lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti di ọmọge.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà yìí, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ti wí i: "Ìyàwó la fẹ́. A ò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn." Káfíńtà gbà á bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yìí àti àwọn àgbà ilé wọn sùn sílé káfíńtà, torí wọ́n ń lọ sìnkú ní ìlú kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ara káfíńtà kò balẹ̀. Bí oúnjẹ àárọ̀ bá bàjẹ́, wọn yóò ní ọmọ ọlọ́mọ ló sè é. Bí ó bá sì dùn ńkọ́, ta ni wọn yóò yìn?

Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo Ọláìtán. Ọmọ náà gbé páànù fífẹ̀ kan ka iná. Ó gé sọ́séèjì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ kó pọ́n dáadáa nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Ó da ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ sí i, èyí tó ti oko wá. Àlùbọ́sà, tàtàṣé àti tòmátò tẹ̀lé e. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn, kó má baà rọ jù. Ó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí ṣe ihò kéékèèké sínú gbogbo rẹ̀, ó fọ́ ẹyin tó rà lọ́wọ́ aládùúgbò sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì dé e. Ọ̀rá gbígbóná ta sí i lọ́wọ́. Ó nù ún kúrò, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó gbé páànù náà sí àárín àwọn àgbà, òun pẹ̀lú búrẹ́dì. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni wọ́n ti ń retí.

"Kí lẹ̀ ń pe èyí?" ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Oúnjẹ ni mà," ni Ọláìtán dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n fi búrẹ́dì bù ú. Ó jẹ, ó tún bù ú, ó tún bù ú. Ó dijú, ó sì ń kì í bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ ilé wọn tó bá ṣe ohun tó wú wọn lórí:

"Ọmọ ajídáná-kílẹ̀-tó-mọ́! Ọmọ afààrò-kan..."

Ó dákẹ́ lójijì. Ó ti rántí ẹni tí òun ń kì. Wọn kì í fi oríkì ilé wọn ki ọmọ ilé ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìdí tó fi dákẹ́. Ọláìtán dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Òun náà mọ̀.

Ó dun káfíńtà dé egungun. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà tí ọ̀rá ta sí. Ojú tì í, kì í ṣe nítorí ọmọ náà, nítorí ara rẹ̀ ni. Ó dìde. Ẹni tí kò ki ènìyàn rí láyé rẹ̀, ó la ẹnu:

"Afààrò-kan-bọ́-igba-ènìyàn! Ọláìtán, ọmọ mi, ọmọ àwọn baba mi!" Ohùn rẹ̀ há, ó tún un gbé sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa kì í lọ. Ọmọ mi ni."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i: "O ti sọ ọ́ báyìí?"

"Mo sọ ọ́, mà."

Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oríkì náà, ó kì í títí ó fi kan àwọn tó ti kú, tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú lójú fèrèsé. Orí káfíńtà wú. Ó ń yan kiri inú pálọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ọmọ mi ló sè é o!" ló ń wí fún gbogbo ẹni tó yọjú, bí ẹni pé wọ́n bi í. Ọláìtán ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Arákùnrin mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Sọ́séèjì ti ṣọ́ọ̀bù wá, ọ̀dùnkún ti oko wá, ẹyin ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wá. Nígbà tí iná ti pa wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó tún yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ pé àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé rẹ rí. O wá fẹjọ́ sùn mí pé ọmọ tí ìyàwó rẹ gbé wá kì í tújú ká sí ọ. Kí lo fẹ́ kó tújú ká sí? Oúnjẹ rẹ̀ lò ń jẹ láràárọ̀, o sì ń pè é ní ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má dúró dè wọ́n. Lọ sílé báyìí, pe ọmọ náà, kí o fi oríkì baba rẹ kì í. Bí ohùn rẹ bá há, jẹ́ kó há. Yóò gbọ́ ọ.