Bi Ẹ́ńjìnnì Kí O Tó Ra Iná

Ládépò ọlọ́kadà so iná ọkọ̀ akẹ́rù méjì mọ́ orí ọ̀kadà kékeré, iná náà kú mọ́ ọn lójú nínú ìkùukùu ìdájí, òun àti àwọn méjì tó ń tẹ̀lé e sì wọ kòtò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Ìrẹ́mo ti fa òwe tí wọ́n ń pa títí dòní: "Bi ẹ́ńjìnnì kí o tó ra iná." Àjèjì tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì kò lẹ́nu, kò létí. Ta ló ń bi irin léèrè ọ̀rọ̀? Àmọ́ ní Òkè-Ìrẹ́mo, wọ́n ń pa á fún ọkùnrin tó fẹ́ gbé ìyàwó kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì yó, wọ́n sì ń pa á fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ àkùrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Orí òkè ni ìlú náà wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ọjà ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà wọ́, kòtò sì wà lápá òsì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Lásìkò òjò, ìkùukùu máa ń bò ó ní ìdájí débi pé èèyàn kì í rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ fi ń tò tẹ̀léra bí ìjàlọ. Ẹnì kan á wà níwájú, iná tirẹ̀ ni yóò máa wá ọ̀nà. Àwọn tó kù á gbé ojú lé iná pupa tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ẹni tó ṣáájú wọn. Aṣíwájú ni wọ́n ń pe ẹni àkọ́kọ́. Òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á gbéra. Bí ó bá sì dé ibi ìpàdé, wọ́n á dìde fún un.

Wọ́n tún ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti débi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ọ̀kadà sí fíríì kí epo má baà tán. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa mí jẹ́jẹ́, ọ̀kadà á sì máa yí fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá fi jíà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní àpà ni.

Bàbá Ògúnjìnmí ni aṣíwájú wọn fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò pa á mọ́ra. Ó pè wọ́n jọ, ó ní, "Ojú mi ò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, kí oníkálukú wá tan iná rẹ̀ níwájú ilé mi. Ẹni tí iná rẹ̀ bá lọ jìnnà jù ni kó gba iwájú."

Ládépò kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́tàlá ló ti wà nípò keje, tó ń jẹ eruku ẹni mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ náà gun ọ̀kadà lọ́nà yẹn títí tó fi kú, ipò kejì ló kú sí. Ọwọ́ Ládépò mọ́, kò já èrò sílẹ̀ rí, ó sì mọ gbogbo òkúta ojú ọ̀nà náà bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Iná rẹ̀ nìkan ni kò dára. Kò ju ti tannátanná inú koríko lọ. Ó fẹ́ ipò yìí ju bí ebi ṣe ń fẹ́ oúnjẹ.

Ó gbé iná ọkọ̀ akẹ́rù méjì lọ bá Fẹ́hìntọlá, obìnrin réwáyà tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi ọ̀dán. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ obìnrin yìí níṣẹ́. Rédíò ọkọ rẹ̀ tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ tú, kò rí i tò padà. Ó tú èkejì, ó tò ó, rédíò náà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn kò sí lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tó bá so kì í tú.

"Ìyá Réwáyà, ẹ bá mi so àwọn yìí."

Fẹ́hìntọlá wo iná méjèèjì. "Ọkọ̀ wo lo ti tú wọn?"

"Ọkọ̀ agbégi kan tó kú sí ìsàlẹ̀. Mo rà wọ́n ni o, mi ò jí wọn."

"Mi ò ní o jí wọn. Ta ni yóò máa bọ́ wọn ni mò ń bi ọ́."

"Kí n bọ́ iná bí ẹni bọ́ adìẹ?"

"Iná ń jẹun, Ládépò. Ẹ́ńjìnnì rẹ ló ń se oúnjẹ náà, bátìrì ni àwo. Ìkòkò ẹni méjì lo ní, o lọ pe ẹni mẹ́jọ wá jẹun. Ṣé o ti bi ẹ́ńjìnnì léèrè?"

Ládépò bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn ọlọ́kadà tó jókòó sí ìdí igi náà. "Ẹ gbọ́ o! Ìyá Réwáyà ní kí n kí ẹ́ńjìnnì pé ẹ káàárọ̀, kí n sì bi í bóyá oorun dùn."

"Bi í ohun tó máa ṣe nígbà tó o bá wà ní fíríì."

"Ìyá, ẹ má bínú o. Iná tí ẹ so fún Kújọrẹ̀ ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ mi, àtùpà ìyá arúgbó ni. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀."

"Àtùpà ìyá arúgbó kì í kú sójú ọ̀nà. Gbé ẹrù rẹ. Mi ò so ó."

Ládépò gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ó so ó fúnra rẹ̀. Bó ṣe tẹ súìṣì, fíùsì jó. Ó ra òmíràn, ìyẹn náà jó. Inú bí i. Ó yọ bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó ká a róbótó, ó fi rọ́pò fíùsì. Ó tẹ súìṣì. Iná tàn yàà, ewúrẹ́ tó sùn sí ẹnu ọ̀nà fò dìde. Ládépò dúró síwájú ọ̀kadà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n pé jọ sí iwájú ilé Bàbá Ògúnjìnmí. Oníkálukú tan iná rẹ̀. Ti Kújọrẹ̀ mọ́ dáadáa lórí ilẹ̀, ó dé ìdí igi àgbọn, ó dúró síbẹ̀. Ó wá kan Ládépò. Ó fún ọ̀kadà ní gáàsì, ẹ́ńjìnnì ń ké, iná sì sọdá àfonífojì lọ bá ògiri ilé ìwé tó wà lódìkejì. Àwọn obìnrin pariwo. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú.

"Mo rí ìyẹn," ni Bàbá wí. "Àní èmi pẹ̀lú ojú mi yìí!"

Fẹ́hìntọlá wà lẹ́yìn èrò. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní kó fi gáàsì sílẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́. Kí ẹ wá wo iná náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Fẹ́hìntọlá, jẹ́ kí ọmọkùnrin gbádùn ọjọ́ rẹ̀."

"Ọ̀nà ò ní bá a gbádùn ọjọ́ kankan, Bàbá."

Wọ́n ní ìlara ni. Wọ́n fi iwájú fún Ládépò.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọ̀kadà mọ́kànlá tò. Bàbá Ògúnjìnmí gun ẹ̀yìn Ládépò kó lè fi ọ̀nà náà lé e lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìkùukùu ti bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Ládépò fi ọ̀kadà sí fíríì. Iná ńlá náà lu ìkùukùu, ó padà sí ojú rẹ̀ funfun bí aṣọ tí wọ́n ta síwájú èèyàn. Kò rí ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n sórí, ó ń sọ̀ lọ.

Ní kọ́nà kejì, iná náà pọ́n. Ládépò rò pé ojú òun ni. Ní kọ́nà kẹta, ó rẹlẹ̀ bí ẹyin iná tí wọ́n da eérú bò. Ó gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó lábẹ́ ìjókòó. Ó fún un ní gáàsì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ibi gbogbo ṣókùnkùn.

"Ládépò, kí ló dé?"

"Bàbá, iná ti lọ."

"Tẹ fèrè fún wọn!"

Ó tẹ fèrè, kò ké, bátìrì ti tán. Ó pariwo pé kí wọ́n dúró, ẹni kejì ti gbá a. Wọ́n já sínú kòtò, ẹni kẹta já lé wọn lórí.

Kújọrẹ̀ ló wà nípò kẹrin. Ó rí òkúta tó wà létí kòtò nínú iná tirẹ̀, ó dúró gbọn-in. Ó dojú ọ̀kadà rẹ̀ kọ inú kòtò, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́. Iná kékeré yẹn, tí Ládépò pè ní àtùpà ìyá arúgbó, ni wọ́n fi wá Bàbá rí, òun ni wọ́n fi gbé irin kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n tó wákàtí kan. Iná náà kò pọ́n, kò ṣẹ́jú. Ládépò jókòó sórí koríko, apá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná yẹn.

Ọjọ́ kẹta, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ dé abẹ́ igi ọ̀dán. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ilẹ̀ dọ̀tí," ni Fẹ́hìntọlá wí. Kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ọ. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà. "Fíùsì dà?"

Obìnrin náà fi ìka méjì yọ bébà fàdákà tó ti dúdú jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kadà yìí sọ fún ọ pé agbára òun ò gbé e. Ìgbà kẹta, o fi bébà dí i lẹ́nu."

"Ìyá, báwo lèèyàn ṣe ń bi í?"

"Jókòó."

Ó ṣáájì bátìrì títí di ọjọ́ kejì. Ó fi wáyà tirẹ̀ so iná ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò fọ́, ó fi ẹsẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó máa mí jẹ́jẹ́, ó fi ẹnu mítà tó ń wọn agbára iná kan bátìrì. Mẹ́tàlá ni mítà sọ. Ó tan iná náà. Mítà bọ́ sí méjìlá, ó bọ́ sí mọ́kànlá, ó ń lọ sílẹ̀. "Ó ń jẹ ohun tó wà nínú àwo, ìkòkò ò sì bu òmíràn sí i. Ìdáhùn rẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni mo so o. Méjì lo gbé lé e."

Ó tú u. Ó fi bébà ìfági ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti kan irin títí ibẹ̀ fi ń dán. Ó nu dígí inú iná àtijọ́ tí eruku ti pa. Ó fa wáyà tuntun tó nípọn láti bátìrì lọ sí ojú iná, ó fi fíùsì gidi sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé gílóòbù tuntun kan jáde, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ẹ́lì-í-dì, tí kì í gbóná púpọ̀, tó ń jẹun díẹ̀ tó sì ń mọ́lẹ̀ gan-an. Kó tó dè é pa, ó tún fi mítà bi ẹ́ńjìnnì. Iná tàn. Mítà rọ̀ díẹ̀, ó dúró ní méjìlá àbọ̀. Wọ́n jókòó tì í títí ẹ̀kọ tí wọ́n ń jẹ fi tán, kò mira. Ó fún un ní gáàsì díẹ̀, mítà gòkè, ó sún mọ́ mẹ́rìnlá.

"Ó ní òun gbà," ni Fẹ́hìntọlá wí. Ó wá tẹ ojú iná náà sílẹ̀ kó máa wo ilẹ̀. "Ọ̀nà lò ń wá. Má tan iná sójú ìkùukùu, kò ní nǹkan kan láti fi hàn ọ́."

Ládépò wo gbogbo rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìyìn oríṣiríṣi lẹ́nu èèyàn, kò rí èyí tó tó ohun tí ọwọ́ obìnrin yìí ṣe lábẹ́ igi. Ó bá a gbá ìdí igi náà mọ́, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n fi iwájú fún Kújọrẹ̀. Wọ́n ní kí Ládépò padà sí ipò keje. Ó ní rárá, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ipò òun. Ó dìde níṣojú wọn, ó ní, "Ẹ bi ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ra iná. Èmi ò bi í, mo fi ṣẹ̀rín." Bí òwe náà ṣe jáde nìyẹn, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ló ti jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn wo ohun tí agbára rẹ̀ ń mú wá lọ́jọ́ tó ń rìn jẹ́jẹ́, kó má fi ti ọjọ́ tó ń ké ramúramù díwọ̀n ẹrù. Bi ẹ́ńjìnnì kí o tó ra iná.

Bàbá Ògúnjìnmí kò sí ní ìpàdé náà. Ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún.