Ọkọ̀ Kékeré Níwájú Ilé Ìwòsàn

Ọkùnrin kan tí ó ń ta ọkọ̀ wà ní ìlú olókè kan nílẹ̀ Yúróòpù. Bàbá rẹ̀ ni ó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá náà, ọmọ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju pé kí iṣẹ́ bàbá òun má bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ará Jàpáánì kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ọkọ̀ tirẹ̀ kéré, kì í mu epo púpọ̀, rédíò sì ti wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn tún sanwó lé e. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nílùú náà kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí sì jẹ ilẹ̀kùn àwọn ọkọ̀ kékeré náà. Wọ́n dípẹtà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Agolo sàdíìnì ni wọ́n kó wá," ni ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Bí ẹ bá rà á, ẹ tún ra ohun tí ẹ ó fi ṣí i."

Ará Jàpáánì náà gba àwọn ilẹ̀kùn tí iyọ̀ ti jẹ padà, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe wọ́n. Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ìyẹn kò dípẹtà mọ́. Ọmọ náà kò kíyè sí i. Àwàdà àná ni ó ṣì ń dá.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá rẹ̀ ni ó ń fi ọkọ̀ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti bàbá wúwo, ẹnu bùútù ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, níbi tí ìyá ń gbé e sí, sì ga.

"Ọmọ mi, ẹnu bùútù yìí ga jù fún mi, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán. Bá mi sọ fún àwọn tó ń ṣe é."

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà bàbá mi nìyẹn. Ẹ máa pè mí, màá wá bá yín gbé e."

Ìyá pè é. Oníbàárà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá tún pè é, ó ní òun ń bọ̀, kò wá. Nígbà tó yá, ìyá kò sọ̀rọ̀ bùútù mọ́, ọmọ sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn. Ó rí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kékeré náà tí wọ́n há sí àlàfo tóóró láàrin ọkọ̀ ńlá méjì. Ó ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wo inú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó jókòó síwájú.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ń ti àga wọnú bùútù pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Màmá! Ẹ̀yin? Lọ́dọ̀ ẹni yẹn?"

"Mo sọ fún ọ títí ó fi sú mi," ni ìyá dáhùn. "Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sọ pé ọkọ̀ òun dára. Ó ní kí n gbé àga náà kí òun rí i. Ó kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló wá fi èyí tí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ hàn mí."

"Kí ni àwọn aládùúgbò máa sọ?"

"Àwọn wo? Gbogbo wọn ti ra tiwọn."

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀, ó ń retí ìbínú. Bàbá fi ẹnu tí àìsàn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Wọlé," ni ó wí. "Àyè wà lẹ́yìn."

Kò wọlé. Ó dúró lójú kan náà títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bàbá kò tún jáde nílé mọ́ títí ó fi dágbére fáyé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò nìkan ni mo ń sọ. Ẹnì kan ti ṣàròyé ohun kékeré kan fún ọ rí, nínú ilé rẹ tàbí níbi iṣẹ́ rẹ, o sì dá a lóhùn pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní báyìí kò sọ ọ́ mọ́, o sì ń pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Lọ bá a. Má ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ní kí ó fi ibi tó ń ni ín lára hàn ọ́. Lọ lónìí, nígbà tí ó ṣì lè dá ọ lóhùn.