Orí Mopélọ́lá

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Mopélọ́lá onídìrí? Láti ìgbà tí onílé gogoro, irun tí àwọn ìyá wa ń fi òwú dúdú kó, ti tún gbòde, ńṣe ni àwọn ọmọge ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje irun àtijọ́, ó ní orí òun gan-an lòun máa gbé lọ, òun náà lòun ó sì kó o.

"Àbí kí n lọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Àrìnpé?" Onídìrí òdìkejì títì ló ń fi ṣẹ̀sín bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ìdíje, iwájú orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìpàkọ́ tí ojú rẹ̀ kò tó ńkọ́? Ó wọ́ bí ọgbà tí ewúrẹ́ wó! Ló bá sáré sọdá títì.

"Àǹtí Àrìnpé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!"

Àrìnpé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló ṣe ọ́ báyìí, ọ̀tá ẹ ni? Jókòó kíá, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Ó tú u, ó tún un kó, ó fà á le dáadáa. Àfi ìgbà tí wọ́n kéde pé Mopélọ́lá ló gbégbá orókè!

"Ta ló kó o?" ni wọ́n bi í. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu. Ó gbé ìtìjú mì, ó fò sókè, ó kọ̀yìn sí èrò.

"Àǹtí Àrìnpé ni o! Ẹ wo ìpàkọ́ mi!"