Ṣáàfù Jíìpù Olóyè Láwóyin
Olóyè Láwóyin, tó ni ilẹ̀ tí Àyọ̀ká mẹkáníìkì ń lò, ní kó gbé jíìpù òun ga nítorí ọ̀nà oko. Nígbà tí Àyọ̀ká gbé e ga tán, tí ṣáàfù, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, kò wá gùn dé ìdí táyà mọ́, Olóyè figbe ta: "O ti gé irin mi! Ṣe é kó tó láì fi nǹkan kún un, àbí kí o kó kúrò lórí ilẹ̀ mi lónìí!" Àyọ̀ká ní, "Bí ẹ bá lè jókòó sórí àgbá yìí kí ẹsẹ̀ yín kanlẹ̀, màá ṣe é." Olóyè gorí àgbá, ó nasẹ̀ títí bàtà fi bọ́, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Àyọ̀ká ní, "Háà! Bàbá, ta ló gé ẹsẹ̀ yín?" Olóyè jágbe: "Àgbá ló ga!" Àyọ̀ká na téèpù sí i: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ bá mi di ẹnu téèpù yìí mú, ká wọn ṣáàfù tó máa tó jíìpù gíga yìí."