Òṣèré Tó Da Ọbẹ̀ Nù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àwọn onífíìmù wá ya eré lábúlé wa. Àwọn ìyá wa ló ń se oúnjẹ fún wọn. Morẹ́nikẹ́, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wọn, ni wọ́n fi ṣe ìyàwó burúkú nínú eré náà. Lójú gbogbo wa ló da ọbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó tún pòṣé. Háà! Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bu oúnjẹ fún un mọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé àlejò kì í tọrọ oúnjẹ, ló bá dákẹ́, títí òòyì fi ń kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó sú u, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. "Ìyá, ebi ń pa mí."

"Ìwọ tó o da ọbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ nù?"

"Ìyá, eré ni o! N ò tíì lọ́kọ rárá."

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá mi gúnyán fún un, ó jẹ, ó lá ọwọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ ní ìdájí, ìyá mi gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lé e lọ́wọ́. "Gbé e fún ìyá rẹ. Má dà á nù o, ìyàwó burúkú!"